Ta Ni "Wọ́n" Nínú Ìròyìn?

Bí ènìyàn bá ń wo iṣẹ́ oníròyìn orí rédíò lókèèrè, a dà bí ẹni pé ohùn dídùn àti ẹnu tí kò kólòlò nìkan ni iṣẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn àgbà iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá jù lọ ní agbègbè Tchaourou ní Benin, níbi tí Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní ti ń ná ọjà kan náà, tí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ Ọ̀pàrá sì ti ń bá ará Parakou pàdé lójú títì, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré tí a kò kà sí ni ó ń ba ìròyìn jẹ́ ju ọ̀rọ̀ ńlá lọ.

Láti ọdún 1953, tí rédíò kọ́kọ́ fọhùn ní Cotonou nígbà tí orílẹ̀-èdè Benin ṣì ń jẹ́ Dahomey, ọwọ́ ìjọba ni iṣẹ́ náà wà fún ìgbà pípẹ́, kí òfin ọdún 1997 tó ṣílẹ̀kùn fún rédíò aládàáni. Àwọn èdè ilé ti rí àyè sọ̀rọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni a fi ń kọ ìwé tí ń ti ọ̀dọ̀ mẹ́rì àti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba wá, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá yàn sí ìròyìn Yorùbá a gbé ojú lé Faransé, a sì máa fi ẹnu sọ Yorùbá, láìsí ohun kan tí ó kọ sílẹ̀ láàrin méjèèjì. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, bẹ́ẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì kì í gbọ́ nígbà tí olùgbọ́ bá ń béèrè pé, "Ta ni?"

Faransé ní irú gbólóhùn kan tí ó ń fi ohun tí a ṣe síwájú, tí ó sì ń ti ẹni tí ó ṣe é sẹ́yìn, tàbí kí ó fi í pamọ́ pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ a sá tọ ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì. Èkíní ni "láti ọwọ́": "A ṣí ilé-ìwòsàn náà láti ọwọ́ mínísítà." Àgbà Yorùbá ìbá ti wí i ní ẹ̀ẹ̀kan pé, "Mínísítà ni ó ṣí ilé-ìwòsàn náà," ọ̀rọ̀ a sì bùṣe. Èyí burú létí, ṣùgbọ́n kò pa ènìyàn lára. Ọ̀nà kejì ni ó léwu, òun ni "wọ́n".

Iṣẹ́ mẹ́ta ni "wọ́n" ń ṣe lẹ́nu wa. Ó ń dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn; ó ń dúró fún àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ìbáà ṣe baálé, ìbáà ṣe mẹ́rì; ó sì ń dúró fún ẹni tí a kò mọ̀, tàbí tí a mọ̀ tí a kò fẹ́ dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé gbólóhùn kan yẹ̀ wò, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn darandaran ń da màlúù kọjá: "Mẹ́rì bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran ṣèpàdé, wọ́n ní wọ́n ti fi màlúù jẹ oko wọn." Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ta ni ó da màlúù? Oko ta ni? Àgbẹ̀ tí ó gbé rédíò sí ìdí igi kajú, tí ó ń ṣa èso rẹ̀, yóò gbọ́ ọ bí inú rẹ̀ ti rí. Fúlàní tí ó fi rédíò kọ́ ọrùn lẹ́yìn ẹran rẹ̀ yóò gbọ́ ọ bí tirẹ̀ náà ti rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, ọ̀rọ̀ lè di àdá.

Ọ̀gá tí ó kọ́ wa níṣẹ́ a máa ní kí a kọ Yorùbá wa sílẹ̀ ná. Nígbà tí a bá gbé e wá, yóò fi bírò pupa yí gbogbo "wọ́n" inú rẹ̀ ká, yóò sì ní kí a kọ orúkọ olúwa rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a kò bá rí orúkọ kọ sí, a kò gbọdọ̀ kà á. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo kà sí olórí gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà.

Èdè wa kò sì fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. "Adé ní òun ti san owó náà": Adé fúnra rẹ̀ ni ó san án. "Adé ní ó ti san owó náà": ẹlòmíràn ni Adé ń wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Faransé ń lò fún méjèèjì, nítorí náà ẹni tí ó bá túmọ̀ láìwádìí ti dá ẹjọ́ náà kí ó tó gbọ́ ọ. Bákan náà ni "àwọn" ń ṣe sí "wọ́n". Bí a bá fẹ́ tún gbólóhùn ìṣáájú ṣe, a ó wí pé, "Àwọn àgbẹ̀ sọ fún mẹ́rì pé àwọn darandaran kan fi màlúù jẹ oko àwọn." Kí a má sì dákẹ́ síbẹ̀, nítorí agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, kí a fi ti ẹnìkejì tì í: "Àwọn darandaran ní àwọn kọ́." Olùgbọ́ ti mọ olúwa ọ̀rọ̀, ó ti mọ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, ó sì mọ̀ pé ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ẹ̀bi.

"A gbọ́ pé" jẹ́ ìbátan "wọ́n". Bí a kò bá lè sọ ẹnu ẹni tí a ti gbọ́ ọ, àhesọ ni ó wọ agbádá ìròyìn.

Nínú ìkéde òkú pẹ̀lú, èdè wa máa ń sọ irú ẹni tí a ń wí kí a tó dárúkọ rẹ̀: ọba ni í wàjà, àgbà ni í papòdà, a kì í sì í sọ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ pé ọmọ rẹ̀ re ibi àgbà ń rè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò túfọ̀ ní gbangba ní láti mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí kí ó tó jókòó sídìí maikirofóònù.

Ẹ̀yin ọ̀gá rédíò láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Parakou, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa túmọ̀ Faransé lójú ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ fún un láyè kí ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí àgbà kan sì gbọ́ ọ kí gbogbo ìlú tó gbọ́.