Élísì wo ló yẹ ọkọ̀ yín?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ná odò Ouémé àti odò Okpara, ẹ̀kọ́ òní kì í ṣe ti àgbàdo tàbí ti iṣu. Ti élísì ni.

Kí ni élísì? Abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ni. Òun ló ń yí nínú omi tó sì ń ti ọkọ̀ síwájú. Ẹ̀rọ lè dára, epo lè kún, ṣùgbọ́n bí élísì kò bá bá ẹrù mu, ọkọ̀ kò ní lọ bó ti yẹ.

Mo fi ojú ara mi rí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan, nígbà tí omi kún, mo wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń gbé gàrí lọ sọ́jà. Bí a ṣe dé àárín odò, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Èéfín ń tú. Dípò kí a máa lọ síwájú, omi ń gbé wa lọ sísàlẹ̀. Igi kan tó ṣubú sétí odò ni a dì mú. Àpò gàrí méjì ti bá omi lọ. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́kọ̀ sọ fún wa pé Kútọnu ni òun ti ra ẹ̀rọ náà, lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í sáré lórí adágún Nokoué pẹ̀lú ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́. Élísì eré ni ó fi ń kó ẹrù.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ wo ara élísì. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, bíi 9¼ x 12. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé etí kejì. Nọ́ńbà kejì ni ìrìn rẹ̀, ìyẹn ibi tí ì bá dé bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká ní omi le bíi pákó tí káfíńtà ń yí ìṣó oníyìíyí wọ̀. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Ní èdè Faransé, orúkọ kan náà ni íǹṣì àti àtàǹpàkò ń jẹ́, nítorí náà ẹ wo àtàǹpàkò yín, ẹ ó mọ bó ṣe tó. Ìrìn 12 jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Ìrìn 9 jẹ́ 23.

Ẹ rántí zémìjàn tó gbé àpò gbágùúdá méjì gun òkè. Bí ó bá lo jíà kẹrin, ẹ̀rọ yóò kú. Ó ní láti padà sí jíà kìíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni élísì: ẹrù wúwo fẹ́ ìrìn kúkúrú, ọkọ̀ fúyẹ́ fẹ́ ìrìn gígùn.

Láti dán an wò, ẹ kó ẹrù tí ẹ máa ń kó sínú ọkọ̀. Ẹ má fi ọkọ̀ òfìfo dán an wò. Ẹ lọ síbi tí omi ti jìn tó sì dákẹ́, kí ẹ fún ẹ̀rọ ní gbogbo agbára rẹ̀. Mẹkaníìkì tó ní ohun tí a fi ń ka yíyí ẹ̀rọ lè bá yín kà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbára ẹṣin 15 tó ń lo epo tí a pò mọ́ ọ́ìlì yẹ kó yí láàárín ìgbà 4500 sí 5500 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rọ tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá dé 4500, ìrìn élísì ti gùn jù. Íǹṣì kan tí ẹ bá dín kù yóò fi nǹkan bí 200 kún un. Bí ó bá kọjá 5500, ìrìn ti kúrú jù, ẹ̀rọ yóò sì tètè gbó.

Kí ẹ tó dá élísì lẹ́bi, ẹ wo bí ẹ ṣe gbé ẹ̀rọ kọ́. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè élísì yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Bí ó bá ga jù, élísì yóò máa fa afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ yóò kàn máa pariwo lásán ni.

Àpáta wa kò mọ sórí òkè Ṣábẹ̀ nìkan. Ó wà lábẹ́ omi pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń fi í hàn. Élísì alumínì máa ń tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ́n. Èyí tí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe le gan-an, ṣùgbọ́n bí ó bá gbá òkúta, eyín inú ẹ̀rọ ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ní tèmi, alumínì ló yẹ odò wa.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, irin tín-ín-rín kan ló so élísì mọ́ ọ̀pá tó ń yí i. Wọ́n dìídì ṣe é kí ó lè ṣẹ́ bí élísì bá gbá òkúta, kí eyín ẹ̀rọ má bàa kán. Mo ti rí àwọn tó ń fi ìṣó líle rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ìṣó náà kò ní ṣẹ́, eyín ẹ̀rọ ni yóò kán. Ẹ ra mẹ́ta sílẹ̀, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá pẹ̀lú ẹ̀mú, ẹ so wọ́n mọ́ inú ọkọ̀.

Ẹ̀yin apẹja, okùn àwọ̀n tó bá wé mọ́ ẹ̀yìn élísì máa ń gé rọ́bà tó ń dí omi lọ́nà. Bí ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan élísì.

Fún ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà méjì tó wà lára élísì rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì kọ iye àpò tó máa ń kó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn dé etí abẹ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ẹ ó rí nọ́ńbà àkọ́kọ́. Fún ìkejì, ẹ gbé élísì náà wá, a ó jọ wò ó.