Fláàṣì Tí Ó Pe Ara Rẹ̀ Ní 2 TB: Ẹ̀kọ́ Lórí Òṣùwọ̀n



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀dá Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí lè ṣe àwọn mìíràn ní kàyéfì. Wọn yóò ní, kí ni fláàṣì wá ń ṣe nínú ìwé ẹgbẹ́ ẹ̀sìn? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí.

Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ wa kó kásẹ́ẹ̀tì tàfúsírì inú oṣù Ramadan jọ, èyí tí ààfáà wa àgbà ṣe láti ọdún 1989 títí di ọdún 1998. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì tó 200. Baba ti lọ bá Olúwa rẹ̀, kí Ọlọ́hun foríjìn ín. Tápù inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti ń já. Àwọn ọ̀dọ́ wa jókòó tì wọ́n fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ń gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kún, a lọ ra fláàṣì kan lọ́jà. Wọ́n kọ 2 TB sí i lára. Owó rẹ̀ kò ju owó ojúlówó 64 GB lọ, inú wa sì dùn pé Ọlọ́hun bá wa dín ìnáwó kù. Fídíò ìpàdé àti ti wòlímà ni a kọ́kọ́ dà sí i, lẹ́yìn náà ni a da tàfúsírì lé e. A rí orúkọ gbogbo fáìlì bí wọ́n ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ, a wá pa èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? A ti pín wọn fún àwọn tí ó bèèrè, nítorí a rò pé iṣẹ́ wọn ti parí.

Ramadan ọdún 2022 dé, a ní kí a gbọ́ ohùn Baba. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a dà á wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohùn ni kò sí. Gbogbo fídíò wòlímà pé pérépéré, gbogbo jíjó àti ìnáwó wa kò dín. Nínú tàfúsírì ọdún mẹ́wàá, ti ọdún 1989 àti díẹ̀ nínú ti ọdún 1990 ni ó ṣẹ́kù.

KÓŃGÒ TÍ WỌ́N TẸ ÌDÍ RẸ̀ WỌNÚ

Kò sí ẹni tí ó ń ra gàrí tàbí ẹ̀wà lọ́jà tí kò mọ ọgbọ́n yìí. Ontàjà a mú kóńgò, a lù ú nídìí títí ìdí náà yóò fi wọnú. Tí o bá wò ó láti òkè, kóńgò ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ó ṣe yẹ, wọ́n sì tún bu gàrí lé e lórí gègèrè. Ìgbà tí o bá délé, tí o dà á sínú kóńgò tìrẹ, ni o tó mọ̀ pé wọ́n ti jà ọ́ lólè. Nítorí irú ìwà yìí ni Súrà 83 nínú Àlùkùránì fi ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù, òun náà sì ni Ànábì Ṣuaib bá àwọn ará Mádíyánà jà lé lórí.

Hádíìsì kan wà tí Abu Hurayra gbà wá, tí Imam Muslim sì kọ sínú àkójọ tirẹ̀. Ojìṣẹ́ Ọlọ́hun ń kọjá lọ nínú ọjà, ó sì rí òkìtì oúnjẹ tí ẹnìkan ń tà. Òkè rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ọ̀rinrin sì kan ìka rẹ̀. Ó bi ontàjà pé kí ni èyí. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ojìṣẹ́ Ọlọ́hun bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sí òkè níbi tí àwọn ènìyàn yóò ti rí i, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára wa.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Kò dúró lókè òkìtì kí ó máa wò. Ọwọ́ ni ó tì bọ inú rẹ̀. Àwa wo òkè, a rí 2 TB tí wọ́n kọ, kò sì sí ẹni tí ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Nǹkan méjì pàtàkì ni ó wà nínú fláàṣì. Èkíní ni ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, èyí tí Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba ṣe àwárí irú rẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1989. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ó dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kì í wọ inú àká lọ wo bí ó ti fẹ̀ tó. Ẹ̀ṣọ́ yìí ni ó ń bi, ohun tí ẹ̀ṣọ́ bá sì sọ ni ó ń gbàgbọ́. Àwọn oníjìbìtì ti kọ́ ẹ̀ṣọ́ náà ní irọ́. Àká rẹ̀ kò ju 32 GB lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ó máa dáhùn pé 2 TB ni òun. Nítorí náà, tí o bá tẹ̀ ẹ́ wò lójú kọ̀ǹpútà, 2 TB ni yóò máa fi hàn ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

Nígbà tí ẹrù bá wá ju àká lọ ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ náà kò ní sọ pé ó ti kún. Òmíràn yóò gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ, yóò sì dà á nù. Òmíràn yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ìwé tí orúkọ àwọn fáìlì wà sì sábà máa ń wà ní apá ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí àká ti jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń pé tí ohùn kò sì ní sí.

ÀDÍNKÙ TÍ KÌ Í ṢE JÌBÌTÌ

Kí a má baà fi ẹ̀sùn èké kan ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí. Àwọn tí ń ṣe fláàṣì ka 1 GB sí 1,000,000,000 báìtì. Kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows ka tirẹ̀ sí 1,073,741,824. Nítorí náà, 64 GB tòótọ́ yóò fi nǹkan bíi 59.6 hàn, 128 GB yóò fi nǹkan bíi 119 hàn, 1 TB yóò sì fi nǹkan bíi 931 hàn. Kóńgò méjì tí kò dọ́gba ni, kò sí olè níbẹ̀. Bákan náà, bí fláàṣì bá kọ̀ láti gba fídíò kan ṣoṣo tí ó ju 4 GB lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìlànà FAT32 ni wọ́n fi tò ó. Fi exFAT tún un tò lẹ́yìn tí o bá ti kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò, yóò gbà á.

Ẹ má sì sọ pé 2 TB kò sí rárá. Ó wà, Kingston gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ó tóbi lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Èyí tí wọ́n bá ń tà ní owó 64 GB ni kí ara fu yín sí.

TÍTI ỌWỌ́ BỌ ÌSÀLẸ̀

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó dájú ni kí a kún un títí dé ẹnu, kí a sì ka gbogbo ohun tí a kọ sí i padà. Ètò orí kọ̀ǹpútà wà tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Fún Windows, H2testw ni, èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn c't ní ilẹ̀ Jámánì wá. Fún Linux àti Mac, F3 ni. Kọ́kọ́ kó ohun tí ó wà nínú fláàṣì náà síbòmíràn kí ó ṣófo, lẹ́yìn náà kí o jẹ́ kí ètò náà kọ ọ́ kún. Yóò wá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, yóò sì sọ fún ọ iye tí ó pé àti iye tí ó ti sọnù. Ti tiwa kò pé 32 GB.

Iṣẹ́ sùúrù ni o. Bí fláàṣì bá ń gba 10 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíkún 128 GB nìkan yóò gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀. Ti 2 TB yóò ju ọjọ́ méjì lọ, iná mànàmáná kò sì gbọdọ̀ lọ láàárín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni o lè kọ́kọ́ dán wò. Ẹni tí wọ́n tà 2 TB fún lè kọ 70 GB sí i, èyí tí ó bá jẹ́ ayédèrú kì í sábà kọjá ibẹ̀ láì tú àṣírí ara rẹ̀.

Tí kò bá sí ètò kankan lọ́wọ́ rẹ, da àwọn fídíò ńlá sí i títí yóò fi kún, yọ ọ́, tún un kì bọ kọ̀ǹpútà, kí o sì wo àkọ́kọ́, àárín àti ìkẹyìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Yíyọ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí kọ̀ǹpútà a máa fi ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ pamọ́ sí inú ara rẹ̀, òun ni yóò sì fi hàn ọ́, kì í ṣe ti inú fláàṣì.

KÍ NI A Ó ṢE SÍ I?

Nínú òfin kátàkárà ẹ̀sìn wa, ẹni tí ó ra ọjà tí àléébù rẹ̀ fara pamọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí ó gba owó rẹ̀. A mú tiwa lọ, a fi èsì ìdánwò náà han ontàjà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó dá owó wa padà, ó ní báyìí ni òun náà ṣe rà á. A gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tún tà á fún ẹlòmíràn.

Èyí ni ó ń bà wá nínú jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ọ̀dọ́ wa kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ayédèrú ni, wọn yóò wá ẹni tí kò mọ̀ tà á fún. Ẹni tí wọ́n jà lólè wá di olè. Bí o kò bá rí ontàjà mọ́, F3 ní ohun tí a lè fi dín in kù sí ìwọ̀n rẹ̀ tòótọ́. Lò ó bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò ṣe pàtàkì, tàbí kí o sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ẹni tí o bá fẹ́ fún.

KÍ NI A TILẸ̀ FẸ́ FI 2 TB ṢE?

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí a ti bi ara wa kí a tó jáde nílé. Ohùn wákàtí kan ní MP3 oníwọ̀n 128 kbps jẹ́ nǹkan bíi 58 MB. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan ààbọ̀ kan yóò gba 86 MB. 200 irú rẹ̀ yóò gba 17 GB lé díẹ̀. Gbogbo tàfúsírì Baba fún ọdún mẹ́wàá kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta fláàṣì 64 GB! Fláàṣì àkọ́kọ́ tí ó dé ọjà ní ọdún 2000 kò ju 8 MB lọ, kò lè gba wáàsí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ibẹ̀ ni ojú wa ti ń tóbi, tí a kò sì ṣírò mọ́. Ojúlówó 64 GB méjì ni ì bá tó wa: ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ìkejì nínú ilé mìíràn, kí a sì máa ṣí wọn wò lọ́dọọdún, nítorí ohun tí a kọ sí fláàṣì lè parẹ́ fúnra rẹ̀ bí a bá gbàgbé rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀. A ti ra méjèèjì báyìí. A dán wọn wò, wọ́n pé.

A ti ń tọ àwọn tí a pín kásẹ́ẹ̀tì fún lọ. A ti rí 41 gbà padà, tápù mẹ́ta nínú wọn ti já. Ẹni tí tàfúsírì ọdún 1990 sí 1998 bá wà nílé rẹ̀, tàbí nílé òbí rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí àsàlátù ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Kí ó má gbìyànjú láti kọ́kọ́ lù ú wò bí tápù rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ra.