Bójú Bá Farabalẹ̀, Á Rímú

Bójú bá farabalẹ̀, á rímú. Òwe yìí ni mo máa ń pa fún ọ̀dọ́ tó bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà onífíìmù ya fọ́tò. Fóònù ti jẹ́ kí ọwọ́ wa yá ju ojú wa lọ. A ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, a kì í sì í padà wo ohun tí a yà. Fíìmù kan kì í sábà ju fọ́tò 36 lọ, gbogbo èyí tí a bá sì tẹ̀ ló ń jẹ owó. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lò ó fi ń wò kó tó tẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn ló yẹ kó ti wà lọ́wọ́ wa látìgbà tí a bá ti ń wá ohun tí a fẹ́ rà, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń kánjú. Wọ́n á gbọ́ orúkọ kámẹ́rà kan lẹ́nu ayé, wọ́n á kó gbogbo owó lé e, lẹ́ńsì èyíkéyìí tó bá bá a wá ni wọ́n á gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi láì fi bò: lẹ́ńsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, òun sì ni kí ẹ ná owó lé lórí. Kámẹ́rà tó bá ẹnu rẹ̀ (ibi tí lẹ́ńsì ti ń so mọ́ kámẹ́rà) mu, tí kò ní wàhálà nínú, ni kó tẹ̀ lé e.

Tí a bá yọ ariwo kúrò nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà onífíìmù, àpótí tí ìmọ́lẹ̀ ò lè yọ́ wọ̀ ni, pẹ̀lú ṣọ́tà tó ń ṣí tó ń padé, àti ọwọ́ kan tí a fi ń fa fíìmù síwájú. Fíìmù ò mọ̀ bóyá àpótí náà wọ́n. Ohun tí lẹ́ńsì bá gbé wọlé ló ń gbà. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ayé mọ̀ fún àwọn fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, Brownie D tí kò ní fíláàṣì ló fi kọ́ṣẹ́ ní 1950. Kò sí ohun púpọ̀ téèyàn lè yí lára irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Ibi tí a dúró sí àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá nìkan ló kù láti yàn, ìyẹn náà sì ni olórí iṣẹ́ fọ́tò.

Lẹ́ńsì wo wá ni? Èyí tí wọ́n sábà ń tà mọ́ kámẹ́rà láyé ìgbà yẹn ni 50mm, ibi tójú rẹ̀ ń ká ò sì ju nǹkan bíi dígírì 46 lọ láti igun dé igun. Ó dára fún fọ́tò ojú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alámọ̀ kan n'Íbàdàn níbi tí gbogbo ẹbí jókòó sí, ẹ ó máa fẹ̀yìn rìn títí ẹ ó fi kan ògiri. Lẹ́ńsì olójú gbòòrò ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. 35mm ń ká dígírì 63, 28mm ń ká 75, 24mm ń ká 84, 20mm sì ju 90 lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè rò pé èyí tó gbòòrò jù ló dára jù. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Lójú 20mm, ẹni tó dúró létí fọ́tò á fẹ̀ lára, ilé á dà bí èyí tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn tí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀, ohun tí ẹ torí ẹ̀ wá á sì kéré sáàárín òfìfo. 28mm ni mo máa ń dárúkọ. Ó gba ìdílé kan àti ilé tó wà lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ kì í da ojú èèyàn rú tí ẹ ò bá ti sún mọ́ ọn jù. Tó bá jẹ́ èèyàn lẹ máa ń yà jù, 35mm ti tó. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ jọ̀ọ́, níbi òde, àárín ni kí ẹ fi àwọn àgbà sí, ẹ má fi wọ́n sí etí.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹni tó ń ra lẹ́ńsì gbòòrò àtijọ́ mọ̀. Nínú kámẹ́rà tí a ń gba inú lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ wòran, dígí kan wà láàárín lẹ́ńsì àti fíìmù. Òun ló ń gbé àwòrán wá sójú ẹni, tí a bá sì tẹ kámẹ́rà, á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá. Dígí yìí ń fẹ́ àyè. Nínú Pentax, mílímítà 45.46 ló wà láti ẹnu kámẹ́rà dé ojú fíìmù, bẹ́ẹ̀ lẹ́ńsì 28mm tí a bá ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ á fẹ́ sún mọ́ fíìmù ju bẹ́ẹ̀ lọ; dígí á forí sọ ọ́. Ní 1950, ará Faransé kan, Pierre Angénieux, gbé lẹ́ńsì 35mm tó pè ní Retrofocus jáde. Gíláàsì tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká ló fi síwájú, kí lẹ́ńsì lè jìnnà sí fíìmù kó sì tún máa rí gbòòrò. Ọgbọ́n yẹn gbilẹ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ńsì. Àmọ́ iye gíláàsì inú lẹ́ńsì pọ̀ sí i, ojú gíláàsì kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà. Ìyẹn ló fà á tí oòrùn fi tètè ń ba fọ́tò àwọn lẹ́ńsì gbòòrò àtijọ́ jẹ́: dúdú ò ní dúdú mọ́, àwọ̀ á ṣì. Nígbà tó di 1971, Asahi, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Pentax nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́ńsì tí wọ́n kun ojú gíláàsì rẹ̀ ní ìpele lórí ìpele, tí wọ́n pè ní Super-Multi-Coated (SMC). Ẹni tó máa ya fọ́tò lábẹ́ irú oòrùn tiwa, ìkùn yìí ni kó wò, kì í ṣe bí ihò lẹ́ńsì ṣe tóbi tó. SMC Pentax 28mm f/3.5 wù mí ju f/2 ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lọ. Ẹ tún lè fi ọwọ́ lásán di 28mm mú ní ìyára ṣọ́tà 1/30 láì gbọ̀n, tí ọwọ́ yín bá balẹ̀, nítorí náà ẹ ò nílò ihò ńlá tó bí ẹ ṣe rò.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹnu lẹ́ńsì ló máa sọ kámẹ́rà tí ẹ máa wá. Tó bá jẹ́ ẹnu K ti Pentax, èyí tó lókìkí jù ni K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1997. Ṣọ́tà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ìṣẹ́jú àáyá kan dé 1/1000 láì gba bátìrì. Bátìrì kékeré LR44 tó wà nídìí ẹ̀, mítà ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà fún. Mítà náà ò ní ibi tí a ti ń pa á, torí náà ẹ máa dé lẹ́ńsì tí ẹ ò bá lò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì á tán. Canon AE-1, tóun náà jáde ní 1976, kò ní yà rárá tí bátìrì bá kú. Kámẹ́rà dáadáa ni, àmọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èyí tí ọwọ́ ń darí ni kó mú. Ìmọ̀ràn kan tí àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ sọ: Pentax KM ti 1975 ni wọ́n dín kù tí wọ́n fi ṣe K1000. Tí ẹ bá rí KM tó mọ́, tí owó rẹ̀ ò sì ju ti K1000 lọ, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ẹnu M42 tó ń yí wọlé ni, ẹ wo Spotmatic, tàbí Zenit ilẹ̀ Soviet tí owó yín ò bá tó.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àlòkù ni gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ogójì ọdún, nítorí náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ ṣí ihò rẹ̀ tán, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí nǹkan ti ha iwájú gíláàsì díẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Ohun tí ẹ ń wá ni bíbu: fọ́nrán tín-ín-rín tó ya ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn láàárín àwọn gíláàsì. Ọ̀rinrin àti òkùnkùn ló ń mú un hù, àpò awọ tí wọ́n tì í mọ́ láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ sì ni ilé rẹ̀. Tó bá pẹ́, á jẹ ìkùn ojú gíláàsì, kò sì sí fífọ̀ tó lè dá ìyẹn padà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ yí òrùka ihò sí 16. Lẹ́yìn lẹ́ńsì ẹnu K, irin kékeré kan wà tí ẹ lè fi ìka tì. Tí ẹ bá tì í tí ẹ sì jù ú sílẹ̀, àwọn abẹ irin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padé lẹ́ẹ̀kan náà, fááà. Tí wọ́n bá ń fà, tàbí tí ẹ rí òróró tó ń dán lára wọn, owó àtúnṣe ti wọ̀ ọ́.

Kámẹ́rà wá kù. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí fíìmù nínú, ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 1/1000. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ tó kọ mànà káàkiri ojú ihò tó wà níwájú fíìmù, láìsí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ fetí sí i bóyá ó ń há lójú ọ̀nà. Ẹ fi ìka kan fóòmù dúdú etí ilẹ̀kùn: tó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti jẹrà, àmọ́ ìyẹn ò yẹ kó lé yín sá, nítorí ó rọrùn láti pààrọ̀. Ẹ ṣí ilé bátìrì. Tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé bá ti bò ó, mítà lè ti kú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Fíìmù àti owó fífọ̀ rẹ̀ máa ju owó kámẹ́rà lọ láìpẹ́, ẹ fi sínú ìṣirò. Ẹ ra ìbòrí oòrùn fún lẹ́ńsì, kí ẹ rí i pé ti 28mm ni, nítorí ti 50mm á bo igun fọ́tò. Ní ìgbà òjò, inú ike tó dé dáadáa, pẹ̀lú sílíkà tó ń fa omi, ni kí lẹ́ńsì máa sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Lọ́ńdọ̀nù gbé fíìmù bọ̀ wálé, ẹ bẹ̀ wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ ayẹrù tuntun tó ń lo CT máa ń ba fíìmù jẹ́.

Lílò rẹ̀ ò le. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, ẹ fi ihò sí f/16, kí ṣọ́tà wà ní nọ́ńbà tó sún mọ́ nọ́ńbà ISO fíìmù jù: fíìmù 200 ń lo 1/250, fíìmù 400 ń lo 1/500. Tí ìkùukùu bá bo oòrùn, ẹ ṣí i dé f/8. Lẹ́ńsì 28mm ní f/8, tí ẹ bá fi fókọ́ọ̀sì sí mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀, láti nǹkan bíi mítà 1.6 títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀run ló máa mọ́ kedere. Ẹ ò tún ní máa yí òrùka kí ọmọ tó ń sáré tó kọjá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ọjọ́ mélòó lẹ lè fi dá a padà, kí ẹ sì yáa lo fíìmù àkọ́kọ́ fún ìdánwò láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ ya ògiri kan náà ní gbogbo ìwọ̀n ihò, ẹ ya ojú ọ̀run ní 1/1000, ẹ ya ẹnì kan tí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé. Àwọn tó ń fọ fíìmù lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù yín lásán. Ẹ ní kí wọ́n kó fíìmù náà fúnra rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Tí àlàfo àárín fọ́tò kan sí èkejì ò bá dọ́gba, ibi tó ń fa fíìmù ló ń ṣàìsàn. Tí ìlà ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, fóòmù ni. Tí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀run bá ṣókùnkùn ní 1/1000 nìkan, ṣọ́tà ni, kámẹ́rà ọ̀hún ni kí ẹ dá padà. Ẹ mú lẹ́ńsì yín dání.