Ẹ Má Dákẹ́ Lórí Owó-Orí Ilé Yín

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ti ra ilé sí Houston ní Texas, ẹ̀yin ni mò ń pòwe yìí fún. Ìpínlẹ̀ yẹn kì í gba owó-orí lórí owó oṣù. Orí ilé ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọni lára. Ṣùgbọ́n òfin fàyè ẹ̀dínwó sílẹ̀ fẹ́ni tó bá béèrè.

Èyí tó ṣe kókó jù ni homestead exemption, tí í ṣe ti ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Láti ọdún 2025, 140,000 dọ́là ni wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó-orí ilé-ìwé. Onílé tó ti pé ẹni ọdún 65 tún ní 60,000 sí i, owó-orí ilé-ìwé tirẹ̀ kò sì ní í lọ sókè mọ́, àyàfi tó bá kọ́ yàrá kún ilé. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ sáà rí i pé àdírẹ́sì ilé náà ló wà lára láísẹ́ǹsì yín. Ó ń dùn mí dọ́kàn pé àwọn ìyá wa tó fi iṣẹ́ òru kọ́lé ṣì ń san owó tí òfin ti yọ kúrò lọ́rùn wọn.

Ìwé iye ilé a máa dé ní nǹkan bí oṣù Kẹrin. Bó bá ga jù lójú yín, ẹ kọ̀wé ta kò ó kí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún tó kọjá, tàbí láàárín 30 ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́, èyí tó bá gbẹ̀yìn nínú méjèèjì. Ìbínú ò da nǹkan. Ẹni tó lọ ń ké níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iye ilé pé owó pọ̀ jù kò tíì sọ nǹkan kan, torí iye tí ilé ì bá tà lọ́jà ni wọ́n jókòó lé lórí, kì í ṣe agbára onílé. Ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ mú dání. Amọ̀ Houston a máa wú lójò, a sì máa sán lẹ́ẹ̀rùn. Bó bá ti la ògiri yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbàwé iye àtúnṣe lọ́wọ́ bíríkìlà. Ẹ wá iye tí wọ́n ta irú ilé yín ládùúgbò.

Àgbà tápá rẹ̀ kò ká owó-orí náà mọ́ lè ní kí wọ́n dá a dúró títí tó fi máa kúrò nínú ilé náà. Gbèsè ṣì ni, èlé ìdá 5 nínú 100 ń gun orí rẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ló sì máa ń bá a nílẹ̀. Ẹ pè wọ́n jókòó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.