Yíyan Rẹ́sìn Ẹ́pọ́sì Tí Kò Rùn fún Iṣẹ́ Fáíbà Nínú Ilé

Ẹni tí ó bá ti kọjá lẹ́bàá ibi tí àwọn oníṣẹ́ gbé ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe kò lè ṣàì mọ òórùn ibẹ̀. A máa ta ni nímú, a sì máa fọ́ ẹlòmíràn lórí. Kì í ṣe aṣọ fáíbà ni ó ń rùn, bí kò ṣe rẹ́sìn tí a fi ń rin ín. Pọliẹ́sítà ni rẹ́sìn náà, sítáírìn sì ni èròjà inú rẹ̀ tí ń fẹ́ jáde. Ní ọdún 2018, àwọn ọ̀mọ̀wé IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka sítáírìn mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe gan-an kí ó máa fa àrùn náà fún ènìyàn. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, níbi tí aya àti ọmọ ń gbé, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí a fi ẹ́pọ́sì, tí kò ní sítáírìn nínú, rọ́pò pọliẹ́sítà, kí a má sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní gbangba mọ́, ṣùgbọ́n kí a fà á wọlé lábẹ́ ọ̀rá. Gbígbẹ ni a ó tẹ́ aṣọ fáíbà sínú mọ́ọ̀dù; a ó da àwọ̀n tí rẹ́sìn yóò gbà sáré lé e, a ó fi ọ̀rá bò ó, a ó sì fi gọ́ọ̀mù dí etí ọ̀rá náà yíká. Bí ẹ̀rọ bá ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ òde a máa tẹ ọ̀rá náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó tó kílò 1 lórí sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó. Agbára yìí kan náà ni ó ń ti rẹ́sìn láti inú korobá gba inú ọ̀pá rọ́bà lọ sínú aṣọ. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà kí a kọ́kọ́ dí ọ̀pá, kí a pa ẹ̀rọ, kí a sì máa ṣọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ bóyá yóò sọ̀ kalẹ̀, kí a tó po rẹ́sìn rárá.

Kì í ṣe gbogbo ẹ́pọ́sì ni ó yẹ iṣẹ́ yìí. Èyí tí ó bá ki bí oyin yóò dúró lójú ọ̀nà. Àwọn tí ń ṣe rẹ́sìn a máa kọ bí ó ti ki tó sínú ìwé rẹ̀, wọn a sì fi sẹ́ńtípọ́ìsì wọ̀n ọ́n. Omi jẹ́ 1. Rẹ́sìn tí a ti po pọ̀ mọ́ hádínà tí ó bá wà láàárín 200 sí 500 ni ó dára fún fífà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu tínà sí èyí tí ó ki: tínà yóò hó di ìtakùtẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá, iṣẹ́ náà kò sì ní lágbára.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn àkókò. Iye ìṣẹ́jú tí a kọ sára agolo sábà máa ń jẹ́ ti yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 25. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, àkókò náà a dín kù tó ìdajì. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, rẹ́sìn tí ó yẹ kí ó dúró fún wákàtí 1 lè dì ní ìṣẹ́jú 30, kí ó tó dé ìkangun aṣọ. Hádínà tí ń lọ́ra ni kí a rà, kí a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a sì máa po ó, nítorí èyí tí ó bá pọ̀ nínú korobá a máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi rú èéfín. Àwọn tí pọliẹ́sítà ti mọ́ lára a máa fi kátálísì kún un bí wọ́n bá fẹ́ kí ó tètè gbẹ. Ẹ́pọ́sì kò gba irú àṣà bẹ́ẹ̀. Bí agolo bá wí pé 30 fún 100, orí òṣùwọ̀n ni kí a ti wọ̀n ọ́n. Àlékún hádínà kò ní mú un yá, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀.

Wàyí o, a kò gbọdọ̀ rò pé ohun tí kò rùn kò lè pa ni lára. Imú kì í ṣe adájọ́ rere nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ́pọ́sì fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn. Hádínà ni ó lè rùn bí ẹja, òmíràn kò sì rùn rárá, síbẹ̀ a máa jó awọ ara. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ó bá ń kan ara lemọ́lemọ́, ara lè kọ̀ ọ́: ara a bẹ̀rẹ̀ sí í yún, a sì sú. Kíkọ̀ náà sábà máa ń bá ènìyàn dé ọjọ́ alẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán díẹ̀ lè ru ú sókè, oníṣẹ́ a sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipátipá. Àwọn èròjà tí a fi ń mú kí rẹ́sìn máa sàn dáadáa sì wà lára àwọn tí ń fa èyí. Nítorí náà, kí oníbàárà béèrè ìwé ààbò lọ́wọ́ ẹni tí ń ta rẹ́sìn àti hádínà. Abala 16 ni ó ní: abala 3 ń sọ èròjà inú rẹ̀, abala 8 sì ń sọ irú ìbọ̀wọ́ tí ó yẹ. Ìbọ̀wọ́ náítíráìlì ni ó sàn. Bí rẹ́sìn bá kan ara, ọṣẹ àti omi ni kí a fi wẹ̀ ẹ́; tínà yóò túbọ̀ tì í wọ inú awọ ni.

Kí a má ṣe fi sáńpépà ha iṣẹ́ náà kí ó tó le pátápátá, nítorí eruku rẹ̀ ń ṣe irú ìpalára kan náà. Láìsí ooru mìíràn ju ti yàrá lọ, ọ̀pọ̀ ẹ́pọ́sì a máa gbà tó ọjọ́ 7 kí ó tó le tán.