Ta Ni A Ń Rẹ́rìn-ín Sí? Ẹ̀kọ́ Lórí Eré Ẹlẹ́rìn-ín Kan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré ẹlẹ́rìn-ín kò ní ju ẹ̀rín lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi eré Ọlá Rótìmí tí ó pè ní Our Husband Has Gone Mad Again yẹ èrò yìí wò. Yale ní Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1966. Ní 1977 ni a tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Èkó ni ibùdó ìtàn rẹ̀.

Èkíní, ìtàn náà. Lejoka-Brown, sójà àtijọ́ tí ó ń du ipò òṣèlú, ní ìyàwó méjì nílé. Ó ṣú Mama Rashida lópó. Ó sì fẹ́ Sikira nítorí ìbò àwọn obìnrin ọjà, nítorí ìyá rẹ̀ ni olórí wọn. Ṣùgbọ́n Liza, dókítà ọmọ Kẹ́ńyà tí òun pẹ̀lú jẹ́ aya rẹ̀, kò gbọ́ nípa wọn títí ó fi gúnlẹ̀ sí Èkó.

Èkejì, ohun tí a fi pamọ́. Àwa òǹwòran mọ ohun tí Liza kò mọ̀. Nítorí náà, gbogbo irọ́ tí ọkọ bá pa ni a ń rí ìrù rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwà ẹ̀dá ìtàn. Bí ẹni wà lójú ogun ni Lejoka-Brown ti ń ṣe òṣèlú. Ẹni tí kò lè tún ilé ara rẹ̀ ṣe ni ó fẹ́ tún ìlú ṣe!

Ẹ̀kẹrin, ìyípadà. Àwọn àgbà ní, “Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú.” Ìjà orogún ni a ń retí. Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Liza kọ́ Mama Rashida ní ọgbọ́n òwò adìẹ àti ẹyin. Ó sọ fún Sikira pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Nígbẹ̀yìn, Sikira ni ẹgbẹ́ òṣèlú fà kalẹ̀ dípò ọkọ rẹ̀.

Èyí kàn wá. Ní Agége àti Ìkẹjà, níbi tí iṣẹ́ ti kó ọmọ onírúurú ìlú jọ, ọmọ aláya kan àti ọmọ olórogún a máa jókòó lórí àga kan náà. Bí olùkọ́ kò bá ṣọ́ra, ẹ̀rín eré yìí lè bọ́ sórí ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé: ta ni a ń rẹ́rìn-ín sí? Kì í ṣe ilé olórogún. Ẹ̀tàn ọkọ ni.