Ìtọ́jú Epo Pupa àti Òróró Nínú Ilé

Ohun kan wà nínú epo pupa tí ara ọmọ máa ń sọ di fítámì A. Fítámì yìí ni ó ń jẹ́ kí ọmọ ríran dáadáa, tí ó sì ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Bí a kò bá tọ́jú epo bí ó ti yẹ, ohun rere yìí yóò dínkù.

Ọ̀tá mẹ́rin ni epo àti òróró ní: ìmọ́lẹ̀, ooru, afẹ́fẹ́ àti omi. Nítorí náà:

1. Ẹ fọ ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì mọ́, kí ó sì gbẹ pátápátá, kí ẹ tó rọ epo sí i.
2. Ẹ dé e pinpin. Ẹ gbé e sí ibi tí ó tutù, tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì jìnnà sí ààrò.
3. Ẹ má ṣe da epo tuntun mọ́ èyí tí ó ti pẹ́.
4. Ẹ má ṣe lo kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gba kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò rí, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Bí epo bá dì nígbà ọyẹ́, kò tíì bàjẹ́. Ẹ gbé e sínú omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, yóò yọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn, tí ó sì korò lẹ́nu, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fi àlùbọ́sà dín in, òórùn nìkan ni yóò bò mọ́lẹ̀. Epo náà kò ní í tún dára mọ́. Ẹ má ṣe fi í se oúnjẹ. Ẹ fún àwọn tí ń ṣe ọṣẹ.

Owó epo kò kéré, ṣùgbọ́n ìlera ọmọ ju owó lọ.